Sàlúùtù Bàámi

Àpòmù, ìrọ̀lẹ́ Sátidé

Màámi ló fa gbogbo rẹ̀. Àwọn ló ní kí n wọ aṣọ ológun wálé, kí àdúgbò lè rí i pé ọmọ wọn ti di Méjọ̀.

Mo wọlé, mo kúnlẹ̀ kí Bàámi. Ṣe ni wọ́n dìde lórí àga, wọ́n nà gbọnrangandan, wọ́n ṣe sàlúùtù fún mi. Sájẹ́ǹtì ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Wọn ò sọ ọwọ́ kalẹ̀, àfìgbà tí mo dìde tí mo dá sàlúùtù náà padà.

"Ẹ káàbọ̀, Ma."

Màámi ń pàtẹ́wọ́!

Mo bọ́ aṣọ, mo ró ìró, mo tún lọ kúnlẹ̀. "Bàámi, èmi nìyí."

"Aṣọ lẹ bọ́, Ma. Ẹ ò bọ́ ipò."

Dòdò Ìkirè tí mo rà bọ̀ fún wọn ṣì wà nínú ọ̀rá. Wọ́n ní kí ọ̀gá kọ́kọ́ jẹ. Inú ń bí mi, ta ni mo fẹ́ bínú sí?

Ní bárékè, tí àwa ọ̀gá bá ń ṣèpàdé, èmi nìkan ni obìnrin, kò sì sẹ́ni tó gbọ́ Yorùbá. Tí mo bá wọlé, ẹ̀rín wọn á dáwọ́ dúró. Mò ń fara dà á, torí mo mọ̀ pé ilé kan wà tí wọ́n á ti pè mí ní Àjọkẹ́ kí n tó bọ́ bàtà.

Mò ń gbọ́ ohùn Bàámi ní pálọ̀ báyìí. Wọ́n ń bi Màámi bóyá Méjọ̀ ti jẹun.