Iyọ̀ Inú Ọbẹ̀ Màmá

Bàbá mi,

Ẹ kú àbọ̀ oko. Mo wá sílé, mi ò bá yín, mo sì ti ń padà sọ́dọ̀ Màmá lọ́sibítù ní Ìlaròó. Láfún yín wà nínú kúlà. Ọbẹ̀ inú ìkòkò kékeré, ti Màmá ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣí i.

Wàhálà ṣẹlẹ̀ láàárọ̀ yìí. Ẹ mọ Màmá, wọn kì í jẹun lójú èèyàn kí wọ́n má pè é. Wọ́n ní, "Nọ́ọ̀sì, ẹ wá jẹun." Nọ́ọ̀sì Purity ò dáhùn pé á gba ibi ire, nítorí ebi ń pa á. Bisikíìtì àti mínírà nìkan ni wọ́n ń tà níbẹ̀. Ó jókòó, ó fi òkèlè kan ọbẹ̀, ojú rẹ̀ sì yí padà.

"Àṣìkẹ́, ẹ̀jẹ̀ ríru ló gbé ìyá ẹ dé ibí, o tún da iyọ̀ sọ́bẹ̀? Ṣé o fẹ́ kí wọ́n rọ lápá rọ lẹ́sẹ̀ ni?"

Bàbá, èmi ni mo se ọbẹ̀ yẹn, mi ò fi iyọ̀ kankan sí i. Ẹ̀yin lẹ bù ú sábọ́.

Nígbà tí nọ́ọ̀sì lọ tán, mo bi Màmá bóyá wọn ò mọ̀ ọ́n lẹ́nu. Wọ́n rẹ́rìn-ín.

"Ó ti pẹ́ tí mo ti mọ̀. Ṣé kí n wá dá oúnjẹ bàbá ẹ padà ni?"

Ẹ̀rù tó bà mí nígbà yẹn ju ti ariwo nọ́ọ̀sì lọ. Bàbá, ohunkóhun tẹ́ ẹ bá bù fún wọn ni wọ́n máa jẹ.

Àṣìkẹ́