Mọ́tò Tí Wọ́n Fún Ní Ọ̀gẹ̀dẹ̀ Jẹ

Ifangni, oṣù kẹsàn-án, ọdún 1962

Véronique ọmọ mi,

Ṣé o jí dáadáa? Ṣé iṣẹ́ ìwé títẹ̀ náà kò mú ọ lọ́rùn jù? Ṣé àwọn tí ẹ jọ ń gbé inú ilé kan náà ní Kútọnù kò bá ọ jà mọ́ nítorí omi? Ọlọ́run tí ó fún ọ ní iṣẹ́ kò ní jẹ́ kí ojú ọ̀gá rẹ kúrò lára rere tí o ń ṣe. Òkun tí ó wà lẹ́yìn ilé yín kò ní bínú wọlé tọ̀ yín wá. Ìyá rẹ Àbẹ̀bí ní kí n kí ọ, ó tún ní kí n kí ọ dáadáa, mo ti kí ọ lẹ́ẹ̀mejì báyìí, kí a máa bá ọ̀rọ̀ lọ nítorí ọ̀rọ̀ pọ̀.

A ti ṣẹ́gun. Mo fi í ṣáájú kí àyà rẹ má baà máa já bí o ṣe ń kà á. Mùsíò Séraphin tí ó ń ta mọ́tò àlòkù ní Àjàṣẹ́ ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ tú okùn. Inú mi dùn débi pé n kò lè jókòó jẹ́ẹ́ kọ ìwé, mo ń dìde, mo ń jókòó, ìyá rẹ ní àga náà yóò kán lónìí.

Orí tẹlifóònù ni mo kọ́kọ́ fẹ́ sọ ọ́ fún ọ. Mo lọ sí pósìtì ní Àjàṣẹ́, wọ́n pe ọ́fíìsì yín fún mi, ọkùnrin kan dáhùn. Mo ṣí fìlà, mo kí i, mo béèrè ìyàwó rẹ̀, mo béèrè àwọn ọmọ, mo béèrè bí òjò ṣe ń rọ̀ lọ́dọ̀ wọn. Ibi tí mo ti ń béèrè bàbá rẹ̀ ni ẹni tí ó ń gba owó ní pósìtì ti ní àsìkò mi ti tán. Nǹkan náà dára, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ṣe é kò fi àyè ìkíni sí i rárá, kò rò ó délẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi ń kọ̀wé.

O mọ̀ pé èmi ni olórí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa, ti Ifangni àti Banigbé, láti ìgbà tí ìjọba òmìnira ti kó wa lọ sí Àjàṣẹ́ kọ́ wa ní bí a ti ń ṣètò òwò. Èmi ni mo ní kí a ra mọ́tò akẹ́rù kékeré, kí àwọn onímọ́tò má baà máa já àgbàdo àti epo wa sílẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà kí òjò máa pa á. Gbogbo wa dáwó. Sìdíkátù elépo, tí o mọ bí ẹnu rẹ̀ ṣe rí, ta aṣọ ọdún rẹ̀ kí tirẹ̀ lè pé. Ó ní bí mọ́tò yìí kò bá rìn, ẹgbẹ́ ti tú nìyẹn, orí mi ni wọn yóò sì máa di ẹrù lé lọ sí Àjàṣẹ́. Kò rẹ́rìn-ín nígbà tí ó sọ ọ́.

Ewúrẹ́ ni mo ń tà láti kékeré, nítorí náà bí mo ti ń ra ewúrẹ́ ni mo ṣe ra mọ́tò. Mo wo ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Mo ní kí wọ́n ṣí ẹnu rẹ̀ níwájú, mo wò ó títí, n kò rí eyín, mo rò pé irú wọn kì í ní eyín. Mo gbọ́ ikọ́ rẹ̀, kò burú. Mo lọ gbóòórùn ẹ̀yìn rẹ̀. Nǹkan kan bí agogo wà níwájú ẹni tí ó ń wà á, Séraphin ní ibẹ̀ ni a ti ń mọ bí mọ́tò ti rìn tó láyé. Nọ́ńbà náà kéré, mo ní ọmọdé ni.

Lẹ́yìn náà mo ní kí ó ṣe bí a ti ń ṣe ní ọjà ẹran wa. O mọ̀ ọ́n. Ẹni tí ó ta ẹran yóò fi ọwọ́ ọ̀tún mú okùn, yóò sọ níwájú ẹlẹ́rìí pé ẹran yìí ń jẹ, ó ń mu, kò ní àìsàn kankan tí òun fi pamọ́. Bí ẹran náà bá dùbúlẹ̀ kí ọjà mìíràn tó pé, okùn kan náà ni a ó fi fà á padà, ẹni tí ó tà á ni yóò tú u, yóò dá owó padà, kò sí ìjà mọ́. Séraphin rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ṣe é. Ó fi ọwọ́ ọ̀tún mú kọ́kọ́rọ́, ó ní mọ́tò ń jẹ, ó ń mu, kò ní àìsàn tí òun fi pamọ́, Sìdíkátù ni ẹlẹ́rìí. Nígbà tí mọ́tò kò sì ní okùn, mo yọ okùn ewúrẹ́ kan nínú àpò mi, mo so ó mọ́ ọn níwájú.

Kí ọjà kejì tó pé, ó dákẹ́ ní ọ̀nà Ko-Koumolou, epo Sìdíkátù wà lẹ́yìn rẹ̀. Bàṣírù tí ó ń tún mọ́tò ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà wa wọ abẹ́ rẹ̀, ó ṣí àpótí irin kan, èyí tí ẹni tí ó ń wà á máa ń fi ọ̀pá yí inú rẹ̀ bí mọ́tò bá fẹ́ sáré tàbí fẹ́ rọra. Ó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, ó fa ọ̀gẹ̀dẹ̀ jáde. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ gan-an, wọ́n gún un pọ̀ mọ́ òróró.

Ọmọ mi, ojú tì mí. Mo ní a ti fi ebi pa mọ́tò. Séraphin kò parọ́, ó ní ó ń jẹ, èmi ni n kò béèrè ohun tí ó ń jẹ. Mo ránṣẹ́ sí ìyá rẹ pé kí ó bẹ́ odindi ìdì ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan wá kíákíá. Ó rù ú dé, mo ti ń bó o, mo ń kó o sínú àwo, nígbà tí Bàṣírù jókòó sínú ẹrẹ̀ tí ó di ikùn mú. Ó ní Bàbá, ẹ jọ̀wọ́ ẹ má bó o mọ́. Ó ní inú àpótí yẹn ni eyín mọ́tò wà, àwọn irin eléyín tí ń fi eyín di ara wọn mú, tirẹ̀ ti kán, wọ́n fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ dí i kí ariwo má baà jáde títí owó yóò fi bọ́ sí àpò. Ó ní wọ́n ti yí nọ́ńbà inú agogo náà padà sẹ́yìn pẹ̀lú. Ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ tó yé mi. Ewúrẹ́ arúgbó tí eyín rẹ̀ kán ni, wọ́n fún un ní oúnjẹ rírọ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ tà á. Mo mọ ẹnì kan tí ó ń ṣe bẹ́ẹ̀ ní ọjà wa, n kò ní dárúkọ rẹ̀ nítorí àbúrò ìyá rẹ ni.

Mo kọ̀wé sí ọ, o sì dá mi lóhùn wéré, mo dúpẹ́. O ní Victorin ọ̀rẹ́ rẹ tí ó ń ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ agbẹjọ́rò sọ pé òfin ní ẹni tí ó ta nǹkan ni yóò dáhùn fún àìsàn tí ojú ẹni tí ó rà á kò lè rí, kódà bí ó bá ti gba owó tán, a sì lè dá nǹkan rẹ̀ padà fún un. O ní kí n má jáfara, òfin kò fẹ́ràn ẹni tí ó bá jáfara. Mo ka ibẹ̀ fún Sìdíkátù, ó ní àṣé àwọn Faransé náà ń ta ewúrẹ́. O fi fọ́tò Victorin sínú ìwé náà, n ó dé orí ọ̀rọ̀ fọ́tò.

Mo lọ sí ilé ẹjọ́. Akọ̀wé ní adájọ́ lọ ìsinmi, kí n dúró di ìgbà tí òjò bá dá, àti pé ohunkóhun tí mo bá fẹ́ gbé wá síwájú wọn gbọ́dọ̀ ní tẹ́ńbù lára. Mo ra tẹ́ńbù, irú èyí tí a ń lẹ̀ mọ́ lẹ́tà, mo mú èyí tí ó tóbi, mo fi itọ́ lẹ̀ ẹ́ mọ́ iwájú orí mọ́tò. Ṣùgbọ́n dídúró ni n kò lè dúró. Òfin ní kí n má jáfara, òun fúnra rẹ̀ wá lọ ìsinmi.

A fi okùn ńlá so mọ́tò mọ́ kamiyọ̀ kan, mọ́tò akẹ́rù ńlá tí ó ń lọ sí Àjàṣẹ́, okùn ewúrẹ́ náà wà ní ipò rẹ̀, nítorí òun ni ẹ̀rí wa. Séraphin wo tẹ́ńbù, ó wo okùn, ó ní ohun tí a rà ni a rà, ojú wa là kí a tó rà á. Ó sọ ìyókù ní Faransé. N kò bá a jà. Mo fi okùn ewúrẹ́ so mọ́tò mọ́ òpó ẹnu ọ̀nà rẹ̀, mo pín ẹgbẹ́ sí ti àárọ̀ àti ti ọ̀sán, Sìdíkátù gbé ìkòkò kaná. A kò dí ẹnikẹ́ni lọ́nà. Bí ẹnì kan bá wá ra mọ́tò, màá dìde, màá kí i, màá gbà á nímọ̀ràn pé kí ó ní kí Mùsíò fi ọwọ́ ọ̀tún mú kọ́kọ́rọ́, kí ó sọ pé ó ń jẹ, ó ń mu, kò ní àìsàn. Mo rò pé mo ń ran Séraphin lọ́wọ́ ni, nítorí ọ̀rọ̀ yẹn ni ó ń jẹ́ kí oníbàárà fọkàn tán wa lọ́jà ẹran. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti bi í, yóò wo Bàṣírù tí ó jókòó ti ọ̀pá irin rẹ̀, yóò ki kọ́kọ́rọ́ padà sínú àpò. Wọ́n á yíjú, wọ́n á máa lọ. Ọ̀kan lọ ra kẹ̀kẹ́. Sìdíkátù ń bá wọn sọ̀rọ̀ bí wọ́n ti ń lọ, ó ní ẹni tí ó bá ní oko ọ̀gẹ̀dẹ̀ kó padà wá, mọ́tò tirẹ̀ ti wà nílẹ̀.

Olùkọ́ kan wá, ó gba ìwé rẹ lọ́wọ́ mi, ó kà á sókè lójú gbogbo wa. Ó ní bẹ́ẹ̀ gan-an ni òfin wí, àti pé ẹni tí ó mọ̀ nípa àìsàn náà tí ó tún sọ pé kò sí, yóò san ti ìyà tí ó fi jẹni pẹ̀lú. Séraphin jókòó. Ó bi mí pé kí ni mo tilẹ̀ ń fẹ́. Mo ní kí ó tú okùn. Kókó okùn ewúrẹ́ náà le, èmi ni mo fi bí a ti ń tú u hàn án.

Ó ní kí a gba owó wa tàbí kí a mú òmíràn. A mú òmíràn, aláwọ̀ ewé. Bàṣírù kọ́kọ́ ṣí àpótí eyín rẹ̀, ẹgbẹ́ tò, ẹnìkọ̀ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ wo inú. Eyín pé. Séraphin fi ọwọ́ ọ̀tún mú kọ́kọ́rọ́, ó sọ ọ́ tán, kò rẹ́rìn-ín lọ́tẹ̀ yìí. Mọ́tò náà ń rìn di òní. Iwájú ni Sìdíkátù ń jókòó, ó ń juwọ́ sí gbogbo Banigbé bí ìyàwó mínísítà, ó ní òun fi mí sílẹ̀ ní ipò olórí títí mọ́tò yóò fi dákẹ́.

Jọ̀wọ́ fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ fún ẹsáńsì tí mọ́tò ń mu, aláwọ̀ ewé yìí kì í jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ ṣùgbọ́n ó ń mu gan-an. Má fi owó náà gba báńkì, mo gbọ́ pé wọ́n ń dà á pọ̀ mọ́ ti ẹlòmíràn, èyí tí o fi ọwọ́ ara rẹ kà ni mo fẹ́.

Ó ku ti fọ́tò. Mo ti wo Victorin. Bàtà rẹ̀ ń dán, ó wọ kóòtù, ṣùgbọ́n ó pa ẹnu dé, n kò rí eyín. Mú un wá sílé lọ́jọ́ ọjà kí ẹlẹ́rìí lè pọ̀. N kò ní ṣí i lẹ́nu, ìyá rẹ ti kìlọ̀ fún mi. Kí ó sáà dúró níwájú wa, kí ó na ọwọ́ ọ̀tún, kí ó ní òun ń jẹ, òun ń mu, òun kò ní àìsàn kankan tí òun fi pamọ́. Òun ni ó bá wa wá òfin náà rí, kò yẹ kí ó ṣòro fún un. Bí ó bá sọ ọ́ láìwo ojú Bàṣírù, mo ti gbà. Bí ó bá sì wá dákẹ́ lọ́nà lẹ́yìn ìgbéyàwó, má sunkún, okùn ewúrẹ́ náà ṣì wà lọ́wọ́ mi.

Ọlọ́run yóò ṣọ́ ọ fún mi, ìwọ àti ohun gbogbo tí ojú rẹ kò lè rí inú rẹ̀.

Èmi ni bàbá rẹ,
Ifátóyè