Pátákó Ẹnu Ọ̀nà Nọ́ọ̀sì

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ìlú o. Mo gbà pé ara yín le, pé ará ilé wà lálàáfíà, pé orúnkún tó ń dùn yín sì ti ń jẹ́ kí ẹ rìn. Ẹ mọ̀ mí tẹ́lẹ̀, mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ.

Ohun tó bàjẹ́ nìyí. Nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú àìsàn ọpọlọ àti ìbànújẹ́ ọkàn ń wá sí ilé ìwòsàn wa lóṣooṣù, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń wọlé tọ̀ ọ́. Dókítà àgbà mọ̀. Ó ní àwọn ará oko ò mọyì ìtọ́jú ni. Àwọn tó ń rán nọ́ọ̀sì wá mọ̀. Wọ́n ní bí yàrá náà bá tún ṣófo lọ́jọ́ Ẹtì tó ń bọ̀, àwọn ò ní rán an wá mọ́. Alága ìgbìmọ̀ ilé ìwòsàn mọ̀. Ẹ̀yin sì ni alága.

Níléèwé tí mo ti kọ́ ìmọ̀ òwò, wọ́n ní bí ọjà ò bá tà, kí a yẹ ẹnu ọ̀nà ìsọ̀ wò ká tó bú oníbàárà. Mo lọ wo ẹnu ọ̀nà nọ́ọ̀sì. Ó kọjú sí ibùdókọ̀ gan-an. Wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ sí pátákó òkè rẹ̀ gàdàgbà: ÌTỌ́JÚ WÈRÈ.

Mo bi akọ̀wé-pátákó léèrè ẹni tó rán an níṣẹ́ yẹn. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n yín ni o, ọ̀gá. Mo ní kí n kọ ‘ìlera ọpọlọ’, wọ́n ní ta nìyẹn máa yé?” Ẹ̀gbọ́n mi, ó yé wọn. Ó yé wọn yékéyéké. Ìdí tí wọn ò fi wá nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ náà kan Abẹ́rẹ́, àbíkẹ́yìn wa. Látìgbà tó ti bímọ, kò fọwọ́ kan ẹ̀rọ ìránṣọ mọ́. Aṣọ tó ti gé sílẹ̀ wà níbẹ̀, kò lápá kò lọ́rùn. Ó máa ń gbé ọmọ lé ẹsẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ní kó bá àwọn ṣọ́ ẹrù. Ó sọ fún mi pé, “Ẹ̀gbọ́n mi, bí mi ò bá sí, ọmọ yìí ì bá rí ìyá gidi.”

Mo mú un lọ sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì lóṣù tó kọjá. Bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, tó gbójú sókè sí pátákó yẹn, awakọ̀ kan pariwo: “Abẹ́rẹ́! Ìwọ náà ti fẹ́ já sígboro ni?” Gbogbo èrò rẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín, ó ní òun sin ẹnì kan wá ni. Ló bá yí padà. Kò tíì jáde nílé láti ọjọ́ náà. Wèrè dùn-ún wò, kò ṣeé bí lọ́mọ. Ikú yá ju ẹ̀sín là ń pa lówe. Mi ò fẹ́ kó ṣẹ nílé wa.

Ilẹ̀kùn kan wà láàárín yàrá nọ́ọ̀sì àti yàrá tí wọ́n ti ń wọn ọmọ. Ẹ tì í pa, ẹ kó àga ìgbìmọ̀ dí i, kọ́kọ́rọ́ sì wà lápò yín. Ẹni tó pọnmọ wá wọ̀n, tó gba ibẹ̀ wọlé tọ nọ́ọ̀sì, ta ló máa bi í pé kí ló wá ṣe? Ẹ ní ìgbìmọ̀ á jókòó lé ọ̀rọ̀ náà. Adìyẹ gan-an kì í jókòó tó bẹ́ẹ̀. Ẹyin yín ti di òbu.

Kí oòrùn Ọjọ́bọ̀ tó wọ̀, ẹ yọ pátákó yẹn, ẹ kó àga kúrò, ẹ ṣí ilẹ̀kùn. Bí ẹ ò bá ṣe é, èmi àti káfíńtà ni àwọn èrò ọkọ̀ máa bá lórí àkàbà ní àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, màá sì sọ ẹni tó ní iṣẹ́ náà fún wọn.

Ọlọ́run á fún yín ní ẹ̀mí gígùn. Kò ní jẹ́ ká fọwọ́ wa sin ẹni tó kéré sí wa.

Èmi ni àbúrò yín obìnrin, tí ẹ sọ ní Aláìnísùúrù.

Àfikún: Akọ̀wé-pátákó wá sílé, ó bi mí ohun tí òun máa kọ dípò rẹ̀. Kí n tó fèsì, Abẹ́rẹ́ dáhùn láti inú yàrá, ẹni tí kò tíì sọ̀rọ̀ látàárọ̀. Ó ní, “Kó kọ ‘Ẹ wọlé’.”