Èmi Ni Mo Ṣí Ẹ̀rọ Omi Sílẹ̀

Ẹ̀yin ará ojú ìwé yìí, èmi ni mo ṣí ẹ̀rọ omi sílẹ̀, kì í ṣe Ràfátù. Oṣù méje rèé tí mo ti gbé e mì, kò sì jẹ́ kí n mí... Ẹ má dárúkọ mi o. Ọmọ Ìsẹ́yìn ni mí, Koumassi Remblais ní Abidjan níbí là ń gbé, ọkọ wa ń ta aṣọ ní ọjà Treichville. Èmi ni ìyáálé, mo bí ọmọ mẹ́rin. Ràfátù ni ìyàwó kejì, ọmọ Ṣakí ni, kò tíì bí rárá.

Ẹ jẹ́ kí n ti ìdí ẹ̀ wá. Ohun kan ṣoṣo ló ń múnú mi dùn yàtọ̀ sí àwọn ọmọ mi, ẹkún ìyàwó ni, èyí tí àwọn ọmọge ilé wa máa ń sun kí wọ́n tó lọ sílé ọkọ. Nígbà tí wọ́n mú èmi wá fọ́kọ níbí, kò sẹ́ni tó kọ́ mi ní èyí tí màá sun, mo kàn wọ bọ́ọ̀sì bí ẹrù ni. Ìgbà tó yá, mo pàdé ìyá àgbà kan ní Marcory, àdúgbò kan nítòsí wa, tó mọ̀ ọ́n sun dáadáa. Mo ra ìwé kékeré kan, mo sì ń lọ sọ́dọ̀ wọn ní gbogbo ọjọ́ Sọ́ńdè, dimanche tí à ń pè é níbí, láti aago méjì, wákàtí méjì péré, kí wọ́n máa sun ún kí n máa kọ ọ́. Kò mówó wá, kò sì sẹ́ni tó bẹ̀ mí níṣẹ́. Mo kàn fẹ́ràn ẹ̀ ni.

Àmọ́ ilé yìí... ilé yìí ò fẹ́ kí n gbádùn! Bí dimanche bá ti dé, nǹkan á bàjẹ́ ṣáá ni. Tí òrùlé ò bá jò sórí bẹ́ẹ̀dì, iná sítóòfù á ràn mọ́ aṣọ fèrèsé. Ìgbà kan, mo ti fẹ́ wọ ọkọ̀ ni wọ́n sáré wá pè mí pé ọmọ mi kejì ti ti ara rẹ̀ mọ́ balùwẹ̀, kọ́kọ́rọ́ sì ti kán síhò. Mo sunkún lójú títì. Kì í ṣe nítorí ọmọ o, kí Ọlọ́run má bínú sí mi, nítorí wákàtí méjì mi ni. Ṣé ó burú? Ràfátù nìkan ló máa ń sọ pé, "Ẹ máa lọ, Ìyá wa, màá mójú tó ilé." Bẹ́ẹ̀ ìyá àgbà náà ti ń gbàgbé nǹkan. Èyí tí wọ́n sun lọ́sẹ̀ tó kọjá, tí mo bá ní kí wọ́n tún un sun, wọ́n á kàn máa wò mí.

Ó wá di dimanche tí mò ń wí yìí. Omi ti lọ fún ọjọ́ mẹ́ta ní àdúgbò wa. Ẹni tó bá ti gbé ibí mọ bí a ṣe ń ṣe: a máa ń ṣí ẹ̀rọ sílẹ̀ kí ariwo omi lè pè wá bó bá dé. Ọkọ wa kórìíra ẹ̀ gan-an, torí ó ń kó ìdì aṣọ sí pálọ̀. Ó ti búra pé ẹni tó bá ṣí ẹ̀rọ sílẹ̀ tó jáde nílé òun, ilé bàbá ẹ̀ ló ń lọ. Ihò tí omi ń gbà jáde ní kíṣìnnì sì ti dí, èmi ni ọkọ wa ní kí n dúró de plombier tó ń bọ̀ wá tún un ṣe. Mo dúró, dúró... aago méjì kọjá, aago mẹ́ta ń lọ, kò wá. Mo mú ìwé mi, mo jáde. N ò wo ẹ̀rọ. Èmi ni mo ṣí i láàárọ̀, ọwọ́ mi yìí ni.

Ràfátù ti ibi ìsọmọlórúkọ dé lẹ́yìn tí mo ti jáde, ó pààrọ̀ aṣọ, ó lọ jókòó lọ́dọ̀ aládùúgbò. Omi ò tíì dé nígbà yẹn, kí ló fẹ́ rí? Nígbà tí ọkọ wa fi máa wọlé, omi ti dé kókósẹ̀ ní pálọ̀, àwọ̀ aṣọ kan ti ràn mọ́ òmíràn, gbogbo ẹ̀ ti di àkísà. Bí mo ṣe dé ló bi mí, mo ní mo ti ẹ̀rọ náà kí n tó jáde. Kíá ló bọ́ lẹ́nu mi! Gbogbo ojú wá yí sí Ràfátù. Ohun tó dùn mí jù ni pé kò jiyàn. Ó kúnlẹ̀, ó ní bóyá òun ni, òun ò rántí. Lọ́sẹ̀ yẹn gan-an ló wọ bọ́ọ̀sì padà sí Ṣakí. Torí pé kò bímọ, kò sẹ́ni tó bẹ̀bẹ̀ gidi fún un. Èmi náà bẹ̀bẹ̀ díẹ̀... díẹ̀ o, kí wọ́n má baà fura.

Láti ìgbà yẹn, kò sẹ́ni tó ń bá mi wolé, n ò rí Marcory lọ mọ́. Ẹ̀ẹ̀kan tí mo yọ́ lọ, ìyá àgbà bi mí pé ọmọ ta ni mí. Tí mo bá jẹ́wọ́, ọkọ mi ti búra, èmi náà á lọ, àwọn ọmọ mi á kù síbí. Tí n ò bá jẹ́wọ́ ńkọ́? Mo gbọ́ pé àwọn ẹbí Ràfátù ti ń wá ọkọ mìíràn fún un, ó sì ń kọ̀, ó ní ọkọ òun á pe òun padà.

Dimanche tó kọjá ló pè mí. Ó béèrè bóyá mo ṣì ń lọ Marcory. Ó ní òun ti bá mi rí ìyá àgbà kan ní Ṣakí, òun ti há ẹkún kan sórí nítorí mi, kí n mú ìwé mi kí n máa kọ ọ́. Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í sun ún lórí fóònù. Mo ní n ò gbọ́ ọ dáadáa, mo pa fóònù. Ó ti ránṣẹ́ pé òun á tún pè ní dimanche tó ń bọ̀ yìí, ní aago méjì, torí òun mọ̀ pé àsìkò mi nìyẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí, kí ni kí n ṣe? Ṣé kí n gbé fóònù ẹ̀? Tí mo bá gbé e, kí ni kí n sọ fún un?