Asẹ́ Gàárì Tí Mo Gé

Ìyá Ìbùkún,

Má na ọmọ kankan. Èmi ni mo gé àárín asẹ́ gàárì rẹ, má bínú. Láti ìgbà táwọn sójà ti gbàjọba, sàlẹ́ńsà tuntun ò wọ Ẹdẹ mọ́, èéfín sì ti dí èyí tó wà lára ẹ̀rọ ìgégi mi. Láàárọ̀ yìí ni mo lu ihò ńlá sí i. Wàá ti gbọ́ ohùn rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì! Kò sígi tó lè dúró níwájú rẹ̀ mọ́. Wáyà asẹ́ rẹ ni mo fi bo ihò náà, kó má baà ta iná sórí koríko gbígbẹ.

Oko bàbá rẹ ní Ara ni mo gbà lọ, láti gé àwọn kòkó tí iná ọyẹ́ èṣí jó pa. Kì í ṣe ọdẹ ló dá iná yẹn bí gbogbo yín ṣe rò. Ẹ̀rọ mi ni. Mo ti yọ wáyà inú sàlẹ́ńsà tí kì í jẹ́ kó ta iná dànù nígbà náà, kó lè lágbára. Gbogbo ìgbà tí Bàbá bá sì ń ṣẹ́ èpè fún ẹni tó dáná sóko wọn, èmi náà ń ṣe àmín.

Màá jẹ́wọ́ fún wọn lónìí kí n tó tan ẹ̀rọ. Ìwọ náà, má ṣe àmín mọ́.

Bàbá Ìbùkún