Òwú Inú Àpótí Ohùn

Abúlé Onídòkò, lọ́nà Ògbómọ̀ṣọ́,
Oṣù Kọkànlá, ọdún 1994.

Oyèdélé, Àlàó ọmọ mi ní Sabon Tasha, Kaduna,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé o ń sùn, ṣé o ń jẹun? Bí o bá béèrè wa, a wà dáadáa, orúnkún mi nìkan ló ń bá mi jà. Ọlọ́run tó mú ọ kọjá odò Ọya á mú ọ padà. Èmi ni mo ń fi ọwọ́ ara mi kọ ìwé yìí o, olùkọ́ ẹ̀kọ́ àgbà ní mo ti ń gbìyànjú. Níbi tí o bá ti rí i pé yíǹkì dà sílẹ̀, mo ń ronú níbẹ̀ ni.

Ewúrẹ́ dúdú ti bí ìbejì. Ìyáálé mi, ìyá rẹ Amudat, ní kí n kí ọ. Àpótí ohùn méjì tí o fúnra rẹ kàn, èyí tí ẹ̀ ń pè ní sípíkà, tí o fi rán awakọ̀, dé láyọ̀. O kọ ọ́ sínú ìwé rẹ pé ohùn tí kò kù síbì kan lo ń wá, èyí tí ẹni tó bá dijú kò ní mọ̀ bóyá ènìyàn ló ń sọ̀rọ̀ tàbí àpótí. O ní maigadi Alhaji kan ní Malali gbọ́ fèrè mọ́tò nínú kásẹ́ẹ̀tì, ó sáré lọ ṣí géètì sílẹ̀ gbayawu, kò sì rí mọ́tò kankan, ṣùgbọ́n o ní fèrè lásán nìyẹn, ohùn ènìyàn ló ṣòro. O wá gba ohùn rẹ sínú kásẹ́ẹ̀tì, o fi í mọ́ àpótí náà, kí èmi ìyá rẹ dájọ́: ọjọ́ tí mo bá ní ó pé, wàá máa bọ̀ nílé, bí kò bá tíì pé, wàá máa bá iṣẹ́ lọ. Ọdún mẹ́fà tí mo ti rí ọ gbẹ̀yìn rèé, Oyèdélé! Mo ka ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, mo sì sunkún.

Bí mo ti rí i pé méjì ni, mo mọ̀ pé o kò gbàgbé ìwà ilé, nítorí ohun tí ọmọ bá fi ránṣẹ́ sí ìyá méjì, ọgbọọgba là ń pín in. Mo gbé ọ̀kan sí yàrá ìyáálé mi, mo gbé ọ̀kan sí tèmi. Mo ní kí n ṣí ẹ̀yìn tèmi kí n gbá eruku inú rẹ̀, kí ni mo rí? Òwú funfun, ó kún bámú! Ta là ń fi òwú dí ní imú bí kò ṣe òkú? Mo ní àwọn tó ta pákó fún ọmọ mi ló ṣe èyí. Mo yọ gbogbo rẹ̀, mo yọ ti ìyáálé mi náà, mo fi rán ìrọ̀rí.

Yàkúbù tó ń tún rédíò ṣe gbé bátìrì mọ́tò àti ẹ̀rọ kásẹ́ẹ̀tì rẹ̀ wá, ó fi wáyà so wọ́n mọ́ àpótí méjèèjì. Ohùn rẹ wá ń dún bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ láti inú àmù. Ìyáálé mi ń pariwo lọ́hùn-ún pé òun lo ń kí, mo ní irọ́ ni, èmi ni, ó kù díẹ̀ kí a jà. Yàkúbù rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Ó ní a kì í pín ẹnì kan sí yàrá méjì, pé àpótí méjèèjì ló máa ń jọ sọ̀rọ̀, òwú náà ló sì ń gbé ariwo tó bá ń ta kiri nínú àpótí mì. Ó dùn mí, ṣùgbọ́n mo tú ìrọ̀rí, mo dá òwú padà sínú àpótí.

A wá tò wọ́n sí pálọ̀, èmi àti ìyáálé mi fún ara wa mọ́ orí àga kan ṣoṣo láàárín, nítorí Yàkúbù ní àárín ni ohùn ti ń dára. Ọmọ mi, o sọ̀rọ̀! Àárín àpótí méjèèjì, níbi tí kò sí nǹkan kan, ibẹ̀ lo dúró sí. Mo na ọwọ́ sí ọ. O ní ẹ kú ilé o, ìyá mi, ara mi le koko. Ṣùgbọ́n o mí kí o tó sọ bẹ́ẹ̀, mo sì gbọ́ súfèé kékeré yẹn ní àyà rẹ, èyí tó máa ń dún nígbà ọyẹ́ láti kékeré, tí mo máa ń fi àdí pa. Ìyáálé mi di ọwọ́ mi mú, òun náà gbọ́. Gbogbo ìwé tí o ti ń kọ ni ara rẹ ti ń le, àṣé ìwé kì í mí. Àpótí rẹ ló tú ọ fó.

Ìdájọ́ mi rèé. Ìyáálé mi ní kí n sáà kọ ọ́ pé ó pé, kí o lè tètè wá. Ṣùgbọ́n irọ́ tìrẹ nìkan ti tó ilé yìí. Iṣẹ́ rẹ dára, orí mi wú, ohùn náà mọ́ ju bí ìwọ fúnra rẹ ṣe fẹ́ lọ. Nǹkan kan ló kù. Bí o ti kí mi, mo dáhùn, mo kì ọ́ ní Àlàó bí mo ti máa ń kì ọ́ láàárọ̀, mo sì dúró. Àpótí ò dọ̀bálẹ̀. Ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ló ń bá lọ, ó ń já lu ọ̀rọ̀ mi bí ọmọ tí a kò kọ́. Ìyẹn kò sí nínú pákó, kò sí nínú òwú, má wá a kiri ní Kaduna mọ́. Máa bọ̀ nílé.

Má fi owó ránṣẹ́ sí mi lóṣù yìí, fi wọ mọ́tò. Ṣùgbọ́n bí ó bá ṣẹ́ kù, jọ̀wọ́ ra bátìrì bọ̀, nítorí àràárọ̀ ni ìyáálé mi ń gbọ́ ìkíni rẹ, ó sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ti Yàkúbù. Ra òwú díẹ̀ sí i, ìrọ̀rí yẹn ti mọ́ mi lára.

Ọlọ́run á wo àyà rẹ sàn, ọ̀nà á là fún ọ, ẹsẹ̀ tó lọ á bọ̀. Àdí ti wà nílẹ̀. Èmi àti ìyáálé mi ti sún fún ara wa lórí àga yẹn, a fi àyè rẹ sílẹ̀ láàárín.

Èmi ni ìyá rẹ,
Hàwáwù.