Fóònù Ìyá Rẹ Ti Rí Ọmọ Kí N Tó Rí I

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo sì kí ọmọ ọwọ́ yín tí gbogbo àdúgbò ń ròyìn rẹ̀ fún mi. Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ẹ rí ìbànújẹ́ ọmọ. Àlàáfíà la wà nílé, àfi orúnkún mi tí kò gba ìrìn-àjò mọ́, àti ìyá rẹ tí ara rẹ̀ le ju bó ṣe yẹ lọ.

Owú ń jẹ mí, n kò ní purọ́ fún ọ. Fóònù ìyá rẹ ni mò ń jowú rẹ̀. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, kó tó kí mi ló ti gbé e wọ yàrá ẹ̀yìn, tó ti ilẹ̀kùn, tó ń rẹ́rìn-ín kèékèé. Èmi á wà lẹ́nu ọ̀nà nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ tí mò ń tún ṣe, n ó máa ṣe bí ẹni ń wá nọ́ọ̀tì, bẹ́ẹ̀ etí mi wà lára ilẹ̀kùn. Yóò ní ọmọ ti hu eyín. Eyín wo ló hù tí n kò rí?

O mọ òfin mi: ohun tí èèyàn kò bá lè tú palẹ̀, kò yẹ kó máa lò ó. Kò sí aránṣọ tó gba ẹ̀rọ lọ́wọ́ mi tí n kò kọ́kọ́ tú u níwájú rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi tú fóònù tí o rà fún mi. Ọ̀nà tí ohùn rẹ ń gbà wọlé ni mò ń wá o. N kò rí bẹ́líìtì, n kò rí abẹ́rẹ́, n kò rí ibi òróró. Mo ní bóyá àìrí òróró ló ń dà á láàmú, mo bá kán díẹ̀ sí i. Láti ọjọ́ náà ni kò ti sọ̀rọ̀ mọ́. Mo wá búra pé n kò ní wo ojú ọmọ nínú ti ìyá rẹ, àfi bí ẹnìkan bá ṣàlàyé bó ṣe ń débẹ̀ fún mi.

Mo bi ìyá rẹ léèrè, ó ní òun ò mọ̀. Inú mi dùn gan-an. Àfi bí fóònù ṣe dún lẹ́sẹ̀ kan náà, ó fọwọ́ kàn án, ojú yín yọ, mo yára yíjú kúrò, ara mi gbóná. Lọ́jọ́ kan tí òjò ń rọ̀, mo kígbe láti ẹnu ọ̀nà pé kí ọkọ rẹ dé fìlà fún ọmọ kó tó wọnú fóònù. Ìyá rẹ rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Òun lè máa rẹ́rìn-ín, èmi ni mo ro ti òtútù.

Èyí tó dùn mí jù ni ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Gíláàsì fóònù náà là, ìyá rẹ gbé e fún ọ̀gbẹ́ni tó ń tún fóònù ṣe ní oríta. Nígbà tó dá a padà, ó kí mi kú oríire, ó ní òun rí àwòrán ọmọ-ọmọ mi lójú fóònù, etí mi gan-an ló gbé wá sáyé. Àlejò lásánlàsàn rí etí mi lára ọmọ-ọmọ mi kí n tó rí i! Mo ní kí ló dé, ìwọ tí ò ń tún un ṣe, báwo ni ojú èèyàn ṣe ń wọ ibẹ̀? Ó ní gíláàsì lòun mọ̀ ọ́n pààrọ̀, ìyókù di ọwọ́ Ọlọ́run. Ẹni tó ń fi í jẹun gan-an kò mọ̀ ọ́n!

Mo wọlé lọ bá ìyá rẹ wíjọ́ pé kò yẹ kí èèyàn fọkàn tán ohun tí kò mọ inú rẹ̀. Kò tilẹ̀ gbójú sókè. Ó ní nígbà tí òun ń fún ọ lọ́mú, ṣé òun mọ bí omi ọmú ṣe ń débẹ̀ ni? Ó ní ò ń sunkún, òun gbé ọ mọ́ra, ó parí. Mo padà sídìí ẹ̀rọ, mo ń yí i láìfi òwú sí i.

Nítorí náà, bí ọwọ́ bá dẹ̀, fi owó fóònù kékeré kan ránṣẹ́, n kò ní tú u. Fi díẹ̀ lé e fún orúnkún mi. Ṣùgbọ́n má dúró de ìyẹn. Lọ́jọ́ Sátidé, n ó jókòó ti ìyá rẹ nígbà tí o bá pè é. Má ṣàlàyé ohunkóhun fún mi. Ṣáà gbé ọmọ náà súnmọ́, kí o sì sọ ẹni tí mo jẹ́ fún un dáadáa.

Ọlọ́run á dá a sí fún ọ. Yóò dàgbà lójú rẹ, yóò sì dàgbà lójú èmi náà.

Èmi ni bàbá rẹ, tí ọmọ-ọmọ rẹ̀ kò tíì mọ̀.